Ta Ló Lé Olè Lọ? Ìbéèrè Yín àti Èsì Wa Lórí Ààbò Àdúgbò

Létà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ olè àti ọlọ́pàá ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán, mẹ́rin ni mo mú. Èsì èyí àkọ́kọ́ ló máa gùn jù torí òun làwọn yòókù rọ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láńdìlọ́ọ̀dù ni mí ní Ìkòròdú, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa. Oṣooṣù la ń dáwó fáwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ wa lóru, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń já fóònù gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láago márùn-ún ìdájí. Ẹnì kan tó ti gbé Amẹ́ríkà rí sọ nínú mítíìnì wa pé ní New York, àwọn tó ń ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké ni wọ́n ń kó, pé ìyẹn ló lé olè lọ, torí náà káwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́nu géètì. Àwọn ọ̀dọ́ wa tiẹ̀ ti kó táyà pa mọ́, wọ́n ní ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, iná ni. Ṣé òótọ́ ni ti New York yìí? Kí la lè ṣe?

Èsì: Sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti táyà yẹn, torí látìgbà tí mo ti ka létà yín ni kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹ sọ fáwọn ọmọ yẹn kí wọ́n lọ kó o dà nù, lónìí. Ìkòròdú lẹ wà, ẹ ò lè ti gbàgbé ọdún 2017 nígbà tí ẹ̀rù Badoo, àwọn tó ń wọlé pa èèyàn lóru, gba gbogbo ìlú kan, táwọn èèyàn ń fi ojú oorun ṣọ́nà, lóṣù keje ọdún yẹn làwọn kan dá mọ́tò aláwàdà kan dúró, òde eré ló ti ń bọ̀, wọ́n ní Badoo ni, wọ́n pa á. Kì í ṣe Badoo o. Ọmọ ọlọ́mọ tó lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ ni. Àwọn tó pa á náà rò pé àdúgbò làwọn ń ṣọ́.

Ó yá, New York. Ẹni yẹn ò parọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Lọ́dún 1990, ó lé ní 2,200 èèyàn tí wọ́n pa ní ìlú yẹn láàárín ọdún kan ṣoṣo, ìdigunjalè lé ní 100,000, mọ́tò tí wọ́n jí lé ní 140,000. Ẹ wá wo 2017, àwọn tí wọ́n pa ò tó 300, ìdigunjalè ò tó 14,000, mọ́tò tí wọ́n jí ò tó 6,000. Ìlú kan náà ni o, èrò inú ẹ̀ tiẹ̀ tún ti pọ̀ sí i. Torí náà olè lè dín kù, kódà kó dín kù débi téèyàn ò ní gbà gbọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé báyìí náà la ṣe máa wà.

Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé, ta ló ṣe é? Rudy Giuliani di méyọ̀, ìyẹn olórí ìjọba ìlú New York, lọ́dún 1994, ó fi William Bratton ṣe kọ́músọ́nà ọlọ́pàá, àwọn méjèèjì ló gba òkìkí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ fèrèsé fífọ́ ni wọ́n gbé dání, ìyẹn ni pé tí fèrèsé kan bá fọ́ nílé kan tẹ́nikẹ́ni ò tún un ṣe, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi fọ́ àwọn tó kù, torí ẹni tó bá ń kọjá á rí i pé ilé yẹn ò lólùtọ́jú. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tó bá fo géètì ọkọ̀ ojú irin láìsanwó nìyẹn, àti ẹni tó ń mutí lójú títì. Àmọ́ ìpànìyàn ti ń wálẹ̀ kí Giuliani tó dé! Tó bá fi máa di 1993, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,950. David Dinkins ló wà ńbẹ̀ nígbà yẹn, méyọ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí New York ní, òun ló jà títí tí wọ́n fi fọwọ́ sí òfin kan lọ́dún 1991 tó pèsè owó láti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́pàá kún àwọn tó wà nílẹ̀, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn ládùúgbò dípò kí wọ́n jókòó sínú mọ́tò, wọ́n sì tún yọ lára owó yẹn fi ṣí ilé ìwé sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ káwọn ọmọ lè ríbi ṣeré ríbi kẹ́kọ̀ọ́. Èèyàn ò kì í sọ ti ilé ìwé yẹn, ó máa ń dùn mí.

Ẹ tún wò ó síwájú sí i. San Diego lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá wọn ò pọ̀, wọn ò sì kó èèyàn sí àtìmọ́lé bíi ti New York, ńṣe ni wọ́n ń bá ará àdúgbò jókòó yanjú ìṣòro, olè tiwọn náà dín kù gan-an láàárín ọdún 1990s. Kánádà, tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yí ohunkóhun padà, tiwọn náà wálẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà. Òwò kíráàkì, kokéènì tí wọ́n ń fà bíi sìgá tó sọ àwọn ọ̀dọ́ di apànìyàn ní ìparí 1980s, ti ń kú lọ fúnra ẹ̀, àwọn àbúrò ti rí ohun tó ṣe fáwọn ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ pọ̀ sí i. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ sínú kọ́kọ́rọ́, tí kì í bá ṣe kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ gan-an, ẹ́ńjìnnì ò ní jí, ẹ ò wá rí i pé iye mọ́tò tí wọ́n ń jí já wálẹ̀ ju gbogbo ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ sọ pé òjé tí wọ́n yọ kúrò nínú epo pẹtiróòlù wà lára ẹ̀, torí òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ohun kan wà tí ọlọ́pàá New York ṣe tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jí kọ́, kì í sì í ṣe nínà. Jack Maple lorúkọ ẹ̀, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó máa ń ya máàpù sára ògiri, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ja èèyàn lólè, á fi àmì sí i. Nígbà tí Bratton mú un wọ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́dún 1994, ìyẹn ló di ohun tí wọ́n ń pè ní CompStat. Wọ́n á pe àwọn ọ̀gá sítéṣọ̀n jọ, wọ́n á gbé máàpù síwájú wọn, wọ́n á ní ìwọ, wọ́n ti ja èèyàn lólè lẹ́ẹ̀marùn-ún ní kọ̀rọ̀ yìí, kí lo ti ṣe sí i? Ọ̀gá tí ò bá ní èsì, ojú á tì í níwájú ẹgbẹ́ ẹ̀, àwọn mìíì sì kúrò nípò. Ìdí tíyẹn fi ṣiṣẹ́ ni pé olè kì í wà níbi gbogbo. Wọ́n ṣe ìṣirò kan ní Minneapolis, ìlú mìíì l'Amẹ́ríkà, nínú 1980s, bíi 3 péré nínú 100 ojúlé ló fa ìdajì gbogbo ìpè tó wọlé sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Torí náà sà, kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan kún owó ọdẹ, ẹ mú káádíbọ́ọ̀dù ńlá kan wá sí mítíìnì tó ń bọ̀, ẹ ya títì yín sí i, kí gbogbo onílé àti ayálégbé fi bírò sàmì síbi tí wọ́n ti já fóònù ẹ̀ gbà tàbí tí wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, kí wọ́n kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ máa rí i pé ibi méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀ kó jọ sí. Ládùúgbò tí mo gbé tẹ́lẹ̀, ilé àkọ́ìparí kan báyìí ni, igbó ti bò ó, kò síná níwájú ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la máa ń sáré kọjá níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó bi ara ẹ̀ pé ta ló ni ín.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ra iná. Lọ́dún 2016 wọ́n gbé òpó iná ńlá lọ sáwọn ilé tí ìjọba New York kọ́ fáwọn tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn, gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ibi tó máa gba iná àti ibi tí ò ní gbà, kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn, ìwà ọ̀daràn ńlá tó ń ṣẹlẹ̀ níta lálẹ́ fi bíi 36 nínú 100 dín kù níbi tíná wà. Iná lásán o! Sólà mẹ́rin síbi tó ṣókùnkùn jù, ó lè ṣe ju ọdẹ mẹ́rin tó sùn lọ. Tí irú ilé àkọ́ìparí yẹn bá wà ládùúgbò yín náà, ẹ wá ẹni tó ni ín tàbí mọ̀lẹ́bí ẹ̀ rí, ẹ gé igbó ibẹ̀. Ní Philadelphia, wọ́n mú ilẹ̀ òfìfo 541, apá kan ni wọ́n kó pàǹtí ibẹ̀, wọ́n gbin koríko àti igi, wọ́n fi pákó kúkurú sọgbà yí i ká, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Láwọn àdúgbò tálákà tí wọ́n ti ṣe é, ìbọn yíyìn fi 29 nínú 100 dín kù. Fèrèsé fífọ́ tó yẹ ká tún ṣe nìyẹn, sà. Àwọn ọmọ tó ń jókòó sẹ́nu géètì, èèyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe fèrèsé, ẹ fún wọn ní ọkọ́ àti àdá kí wọ́n bá yín gé igbó yẹn, kẹ́ ẹ sì sanwó fún wọn.

Ìbéèrè: Ìyá oníṣòwò kan ní Ìbàdàn ni mí. DPO tuntun tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa pe gbogbo wa sí mítíìnì, wọ́n ní community policing ni, ká máa mú ìròyìn wá. Ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ládùúgbò wa lọ fẹjọ́ àwọn ọmọ kan sùn ní sítéṣọ̀n, kó tó délé wọ́n ti mọ̀ pé òun ni. Ṣé kí n lọ àbí kí n jókòó sílé mi?

Èsì: Mà, ẹ̀rù yín kì í ṣe ojo. Ẹni tó tú àṣírí ẹni yẹn ti pa ojú àdúgbò yín fọ́, torí ojú ará ìlú ni ọlọ́pàá fi ń ríran, kò sí èyí tó lè mọ̀ pé àjèjì mẹ́ta ti ń sùn sílé àkọ́ìparí láti ọjọ́ Sátidé tí ẹni tó ń ta ẹ̀kọ ní kọ̀rọ̀ ò bá sọ.

Mi ò ní tàn yín lórí community policing. Ó ti ṣiṣẹ́ láwọn ibì kan, àwọn ibòmíì sì wà tó jẹ́ àríyá lásán. Ìlú Chicago bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1993, wọ́n pín ìlú sí 279 bíìtì, ìyẹn agbègbè kéékèèké, ọlọ́pàá kan náà láti máa wà ní bíìtì kan náà, oṣooṣù ni wọ́n ń bá ará àdúgbò ṣèpàdé. Ohun tó jẹ́ káwọn èèyàn máa wá ni pé tí wọ́n bá sọ pé iná òpó kan ti kú, tàbí mọ́tò àpatì kan wà tí wọ́n ti ń ta oògùn olóró, ìjọba ìlú á rán òṣìṣẹ́ wá síbẹ̀, wọ́n á fojú ara wọn rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán irú ẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Brazil, Colombia, Liberia, Pakistan, Philippines àti Uganda, èsì tó jáde lọ́dún 2021 ni pé olè ò dín, àwọn èèyàn ò sì torí ẹ̀ fọkàn tán ọlọ́pàá sí i. Ìdí tí wọ́n sọ, ó dà bíi pé àdúgbò wa níbí ni wọ́n ń sọ: ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n á gbé e lọ síbòmíì, ọlọ́pàá ò ní ohun èlò, ẹjọ́ tí ará ìlú gbé wá, kò sẹ́ni tó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ìpàdé ṣẹlẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, ó parí.

Tiwa tún le sí i torí òfin. Nígbà kan ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wà ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ ìlú ni wọ́n, wọ́n mọ ilé baba ẹni tí wọ́n ń lé. Lẹ́yìn 1966 làwọn ológun tú wọn ká. Òfin tá à ń lò látọdún 1999, ní abala 214, sọ pé ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní Nàìjíríà, torí náà ẹni tí ò gbọ́ èdè yín lè wá ṣe DPO yín, ọdún méjì wọ́n á tún gbé e lọ. Ohun tó jẹ́ kínú àwọn èèyàn dùn nìyẹn nígbà tí wọ́n ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn yín lọ́jọ́ 9 oṣù kìíní 2020, wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ ọ̀nà igbó. Èmi fara mọ́ ọn, àmọ́ àwọn náà nílò ẹni tó máa máa bi wọ́n léèrè.

Ẹ lọ sí mítíìnì náà, mà. Ẹ má dá lọ, kẹ́yin àtàwọn ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ yín jọ lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ibi ni kẹ́ ẹ máa dárúkọ, ẹ má dárúkọ èèyàn. "Ẹ̀yìn ọjà, láti aago méje alẹ́, kò síná, wọ́n ń gba báàgì níbẹ̀." Kò sẹ́ni tó lè bá yín jà torí pé ẹ dárúkọ kọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ sì bi DPO níwájú gbogbo èèyàn pé ọjọ́ wo ló máa padà wá sọ ohun tó ti ṣe síbẹ̀. Tó bá padà wá lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti rí ọlọ́pàá àdúgbò nìyẹn. Tí ò bá padà wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín.

Ìbéèrè: Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Abẹ́òkúta, mo dirun, mo ń gbé láptọ́ọ̀pù kiri. Oṣù yìí nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta làwọn ọlọ́pàá ti dá mi dúró tí wọ́n ní kí n ṣí fóònù mi. Àwọn yìí lẹ fẹ́ ká máa ràn lọ́wọ́?

Èsì: Àbúrò mi, ó dùn mí. Wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè, ìwọ ò jẹ wọ́n.

Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹ yìí, ọlọ́pàá New York ṣe é fáwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Látìn wọn títí. Lọ́dún 2011 nìkan, wọ́n dá èèyàn dúró yẹ̀ wò ní ìgbà 685,724 lójú títì, nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni wọn ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn wọn. Wọ́n ní báyìí làwọn ṣe ń lé ìbọn kúrò nígboro, pé ọjọ́ táwọn bá dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn. Lóṣù kẹjọ 2013, adájọ́ kan ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é tako òfin ilẹ̀ wọn. Yíyẹ èèyàn wò lójú títì já wálẹ̀ pátápátá. Ìpànìyàn wá ńkọ́? Ó wà ní 335 lọ́dún 2013, ó di 292 lọ́dún 2017. Ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn.

Mo sọ èyí torí àwọn kan á máa sọ fún ẹ pé ìyà tó ń jẹ ẹ́ ló ń jẹ́ káwọn yòókù sùn. Irọ́ ni. SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1992 torí àwọn adigunjalè, ibi tó parí sí ni pé àwọn ọ̀dọ́ ń sá fún un bí wọ́n ṣe ń sá fún adigunjalè, títí tí wọ́n fi tú u ká lọ́jọ́ 11 oṣù kẹwàá 2020. Ọ̀dọ́ tí wọ́n ti gbá létí lánàá, tó bá rí ẹni tó ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù lónìí, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Torí náà mi ò ní ní kó o lọ bá wọn ṣọ̀rẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá ẹ dúró, kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti nọ́ńbà tó wà láyà wọn tó bá hàn, kó ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ, kẹ́ ẹ ní kí alága àdúgbò àti lọ́yà kan bá yín gbé e lọ sọ́dọ̀ kọ́músọ́nà. Máàpù Jack Maple tí mo sọ lókè yẹn, ẹ̀yin náà lè yà á.

Ìbéèrè: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde lẹ́wọ̀n lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ọdún 22 ni, ọ̀dọ̀ mi ló wà ní Muṣin. Ó ti kọ́ṣẹ́ alumíníọ̀mù dé ìdajì kó tó dáràn. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní kí n lé e kó tó kó olè wọlé bá àwọn. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe?

Èsì: Ẹ má lé e, mà. Mo bẹ̀ yín.

Mo mọ̀ pé bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, òun lẹgbẹ́ yín ń rò. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lé e, abẹ́ bíríìjì ló ń lọ, àwọn tó máa gbà á sílé níbẹ̀ á sì bi í pé àdúgbò wo ló ti wá, géètì wo ni kì í tì dáadáa.

Nígbà kan ní Boston l'Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ ń para wọn bí ẹran. Nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀, wọ́n rí i pé ọmọ díẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, àwọn tí gbogbo èèyàn mọ̀ lórúkọ. Lọ́dún 1996 wọ́n pe àwọn ọmọ yẹn jókòó, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ọmọ ìta wà níbẹ̀, àwọn pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú náà ò gbẹ́yìn. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ò ju pé a ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú, a ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ ṣẹ̀wọ̀n, ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ tàbí ilé ìwé, àwa rèé, àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá tún yìnbọn, gbogbo wa la máa kọjú sí i. Ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pa lóṣù fi 63 nínú 100 dín kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Patrick Sharkey, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tún wo ìlú 264 ní Amẹ́ríkà fún ọdún tó lé ní 20, wọ́n ka àwọn ẹgbẹ́ tí ará àdúgbò dá sílẹ̀ fúnra wọn, àwọn tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, tó ń tún àyíká ṣe, tó ń gba ọmọ kúrò nídìí oògùn olóró. Níbi tí èèyàn 100,000 ń gbé, ẹgbẹ́ mẹ́wàá irú ẹ̀ tó bá kún àwọn tó wà ńlẹ̀ ń mú ìpànìyàn fi 9 nínú 100 wálẹ̀. Àwọn tí ò gbébọn ló ṣe é, mà. Irú yín.

Ẹ mú ọmọ yẹn lọ bá alága fúnra yín, lọ́sàn-án gangan, kí ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ tẹ̀lé yín tó bá gbà, kí gbogbo wọn rí i lójú kí wọ́n sì mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ kó padà wá parí ìdajì tó kù, tó bá jẹ́ owó ló kù, ẹ kọ̀wé sí mi padà, mo mọ àwọn tí mo lè bá sọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì bi àwọn ará ẹgbẹ́ yẹn bóyá nẹ́ẹ̀tì wíńdò kan ti já nílé ìyá àgbà kan ládùúgbò yín, kó bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀.